Kóńgò màmá mi: irú ayé wo gan-an ni à ń pè ní ayé tó nítumọ̀?

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́ (ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ bá mi fara balẹ̀.

Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni màmá mi pa ipò dà. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n. Èlùbọ́ àti láfún ni wọ́n ń tà ní Ọjà Jágun, níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́, títí ọlọ́jọ́ fi dé. Wọn ò kọ́lé, wọn ò ra mọ́tò, wọn ò jẹ oyè kankan, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì tàbí láàárín àwọn ọlọ́jà. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, oúnjẹ ọgọ́rùn-ún èèyàn la sè. Kó tó di aago méjìlá ọ̀sán oúnjẹ ti tán, àwọn tí a ò mọ̀ rí sì ń wọlé síbẹ̀.

Ọkùnrin kan wá láti Orílé-Ìgbọ́n. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, kò jẹ, kò mu. Ó ní nígbà tí ìyàwó òun bí ìbejì, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ òun, ààbọ̀ kóńgò láfún lòun máa ń rà lọ́wọ́ màmá wa lọ́sẹ̀. Màmá á wọn odidi kóńgò kan, wọ́n á gba owó ààbọ̀, wọ́n á sì yíjú sí oníbàárà mìíràn kí òun tó ráyè dúpẹ́. Ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá gbáko. Ó ní òun kà á. Àwọn ìbejì yẹn ti wọ girama báyìí, ó kó wọn dání wá síbi òkú.

Nígbà tí a ń pín ogún, àwọn ẹ̀gbọ́n mi mú aṣọ òkè àti ìlẹ̀kẹ̀. Kóńgò ni mo ní kí wọ́n fún mi. Ẹ̀yin tó ń nájà mọ ohun tí àwọn kan ń fi kóńgò ṣe: ẹlòmíì á fi òòlù lu ìdí rẹ̀ wọnú, ẹlòmíì á yọ́ àbẹ́là sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kó má baà gba ọjà púpọ̀. Mo yí ti màmá mi dojú dé lórí tábìlì. Ìdí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ. Etí rẹ̀ lápá kan ti dán bíi díńgí, níbi tí àtàǹpàkò wọn máa ń dì mú. Bí wọ́n bá sì wọ̀n ọ́n tán, wọ́n á tún bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Èènì. Kò sẹ́ni tó bá wọn rajà tí kò gba èènì, ìbáà jẹ́ ọmọdé tí kò mọ̀ ọ́n béèrè.

Èmi ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Ebi ò pa mí. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ tí mo ti gbé kóńgò yẹn délé ni mo ti ń wò ó, tí mò ń bi ara mi pé èènì wo lèmi ń bù fún ẹnikẹ́ni? Ẹ jọ̀ọ́, báwo lèèyàn ṣe ń gbé irú ayé bẹ́ẹ̀? Ṣé wọ́n ń bí i mọ́ni ni, àbí ó ṣì ṣeé kọ́ lẹ́yìn tí èèyàn ti lé lógójì ọdún?

Bàbá Tàmálè

Ọmọ mi, kú àṣẹ̀yìndè. Ọlọ́run á tẹ́ ìyá wa sí afẹ́fẹ́ rere.

Ó ṣeé kọ́. Ojú ni èmi fi kọ́ ọ. Tàmálè, ní apá àríwá Gánà, ni wọ́n bí mi sí. Àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ pọ̀ níbẹ̀ nígbà náà, bàbá mi ń ta aṣọ. Ní oṣù November 1969 ni Busia, olórí ìjọba wọn, pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú wá a láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí kó máa lọ sílùú rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Ẹni tó tajà àwìn ò rówó rẹ̀ gbà, ẹni tó kọ́lé ò rẹ́ni rà á. A gba Tógò, a gba Dàhòmì tó ti di Bẹ̀nẹ̀ báyìí, a ń sun ẹ̀bá ọ̀nà. Kí a tó dé Ògbómọ̀ṣọ́, ọwọ́ bàbá mi ti gbẹ. Ogun Bìáfrà ò sì tíì parí ní Nàìjíríà níhìn-ín.

Nínú agboolé tí wọ́n ní ó jẹ́ tiwa, èmi ò mọ ẹyọ ẹnì kan. Àwọn ọmọdé ń fi ohùn Gánà tí mo fi ń sọ Yorùbá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó baálé ló kó ẹrù kúrò nínú yàrá tiwọn, tí wọ́n fún ìyá mi àti àwa ọmọ mẹ́rin. Àwọn wá ń sùn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, nínú ọyẹ́. Mo ṣì rántí ẹní wọn, igun rẹ̀ kan ti jóná. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ bọ̀, kí ìyá mi tó jí, wọ́n á ti ká a, wọ́n á gbé e pamọ́ sẹ́yìn ìkòkò omi, kí ojú má baà ti ìyá mi. Ìyá mi mọ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìyá mi mọ̀. Àràárọ̀ ni wọ́n ṣì ń gbé e pamọ́.

Àwọn àgbà máa ń sọ fún wa pé bẹ́ẹ̀ náà ni ìlú yìí ṣe kún. Nígbà ogun Fúlàní ní ọ̀rúndún 19, ìlú púpọ̀ tú láyìíká wa, àwọn èèyàn wọn sì sá wọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí ogun ò kó. Àwọn tó sá wá yẹn ni bàbá ńlá ọ̀pọ̀ nínú àwa tí à ń pe ara wa ní onílé lónìí. Ẹnì kan ló ṣí yàrá sílẹ̀ fún wọn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ kú ọ̀rọ̀ màmá. Ọdún kejìdínlógún mi rèé lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ohun tí ojú mi sì ti rí ni pé oore máa ń kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó ń ṣe é ò ní kà á kún nǹkan kan.

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé wọ́ọ̀dù, àgbà sísítà kan wà tí wọ́n máa ń fi ọwọ́ méjèèjì ra ara wọn títí á fi gbóná kí wọ́n tó fọwọ́ kan aláìsàn, pàápàá nígbà ọyẹ́. Mo bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tó ń ṣe é tó o, kó má tún gba òtútù ọwọ́ mi kún un." Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n kọ́ mi nílé ìwé, mo ní láti ṣí ìwé kí n tó rántí rẹ̀. Èyí ò kúrò lọ́wọ́ mi rí.

Ní 1907 ni Dókítà George Green dé sílùú wa yìí pẹ̀lú àwọn Onítẹ̀bọmi, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ ilé ìwòsàn ti fìdí múlẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lẹ́yìn náà ni nọ́ọ̀sì kan láti Amẹ́ríkà, Ruth Kersey, bẹ̀rẹ̀ sí í gba àwọn ọmọ tí ìyá wọn ti kú tọ́, ilé àwọn ọmọ náà sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi máa ń ro àwọn obìnrin ilẹ̀ wa tó pọn àwọn ọmọ yẹn, tó jí sí ẹkún wọn lóru. Orúkọ wọn ò sí lára ògiri kankan.

Nígbà kan, a ní aláìsàn kan tí ẹnikẹ́ni ò wá wò fún ọjọ́ mẹ́jọ. Ọmọbìnrin tó ń tọ́jú ìyá tirẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kejì ń gbé ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín wá láràárọ̀. Mi ò gbọ́ kó béèrè ẹni tí obìnrin yẹn jẹ́. Ó kàn ń pín in sí abọ́ méjì láti ilé ni. Abọ́ kejì ti wà nínú àpò kó tó dé.

Akin Masífá

Ẹ má bínú, èmi á sọ tèmi bó ṣe rí. Oore ti sú mi.

Mo ṣe onídùúró fún ọ̀rẹ́ mi, a jọ wà ní kíláàsì kan náà ni. Ó yá owó nínú ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ wa, ó sì sá lọ. Oṣù mẹ́rìnlá ni wọ́n fi yọ owó náà nínú owó oṣù mi. Ìyàwó mi ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ kí ọmọ wa lè padà sílé ìwé. Nísinsìnyí, bó bá gbọ́ kí ẹ̀rọ ẹlòmíì máa dún ládùúgbò, á dákẹ́. Mo máa ń rí i lójú rẹ̀. Àwọn tó ń sọ pé ká ṣoore ká má wẹ̀yìn wò, ṣé wọ́n mọ àwọn tó wà lẹ́yìn wa tí ó ń dùn? Ẹ dá mi lóhùn.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́

Ẹ̀gbọ́n Akin, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìfaradà. Ẹ bá mi kí ìyàwó yín.

Ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí ohun kan tí mi ò kọ lákọ̀ọ́kọ́, torí mo fẹ́ kí màmá mi dára lójú gbogbo yín. Màmá mi kì í yá èèyàn lówó. Láéláé. Àbúrò bàbá mi bẹ̀ wọ́n nígbà kan, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja, wọn ò fún un. Owó èsúsú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn wà nínú àpótí lọ́jọ́ náà, àbúrò bàbá mi sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀. Wọ́n ní, "Ohun tó wà nínú igbá tèmi ni mo lè bù. Bí mo bá bu ti ẹlòmíì fún ọ, olè ni mo jà." Ọdún méjì ló fi bá wọn yan odì.

Ní gbogbo ọdún méjì yẹn, Sátidé kan ò yẹ̀ kí wọ́n má rán mi lọ sílé rẹ̀ pẹ̀lú èlùbọ́. Bó bá gbà á, ó dáa. Bí kò bá gbà á, kí n gbé e fún ìyàwó rẹ̀. Ní Sátidé tó ń bọ̀, èmi náà rèé.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, mo rò pé ahun ni wọ́n lórí ọ̀rọ̀ owó. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀gbọ́n, ohun tó dé bá yín, lójú tèmi, ẹni tí ẹ ṣe é fún ló dà yín, ẹ sì bu ohun tó jẹ́ ti ìyàwó àti ọmọ mọ́ tiyín. Oore kọ́ ló jẹ̀bi. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ forí jì mí, àbúrò yín ni mí.

Akin Masífá

O ò ṣì í sọ. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ ọ́ báyìí rí ni. Mi ò tíì béèrè lọ́wọ́ ìyàwó mi bóyá ó dárí jì mí.

Ọmọ Ọdún Kẹta

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin àgbà. Akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ni mí, Under G ni mò ń gbé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn mí torí mi ò lówó lọ́wọ́, kí n tó ka ti màmá nọ́ọ̀sì.

Ìyá àgbà kan ń gbé nísàlẹ̀ ilé wa. Ọmọ wọn wà ní Lìbíà. Fóònù kékeré onítẹ̀ ni wọ́n ní, ojú wọn ò sì rí nọ́ńbà mọ́, nítorí náà èmi ni mo máa ń bá wọn pè é ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Sunday. Bí kò bá gbé e, wọ́n á ní kí n jókòó, wọ́n á sì sọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n bí i: òjò ń rọ̀, àkàrà ń jóná lórí iná, agbẹ̀bí yọ̀ ṣubú lẹ́nu ọ̀nà. Mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà ogún. Nígbà mìíràn ìwé mi wà lókè tí mi ò tíì kà, ìdánwò sì wà lọ́la.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n sọ ọ́ dé ibi àkàrà, wọ́n dúró. Wọ́n ní ọmọ kan wà ṣáájú èyí, pé kò gbé ju oṣù méje lọ. Wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ fún mi. Wọ́n ní ọdún 39 rèé tí orúkọ yẹn ò ti jáde lẹ́nu àwọn. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ. Mo kàn pe orúkọ náà tẹ̀ lé wọn. Wọ́n ní kí n tún un pè.

Ọlọ́kadà Tákíè

Èyí tí ọmọ yìí kọ wọ̀ mí lára. Èmi ò mọ̀wé púpọ̀. Àwọn alfa wa máa ń wàásù pé Ànábì sọ pé ẹ̀rín músẹ́ lójú ọmọnìkejì ẹni, sàárà ni. Mo ti mú un bẹ́ẹ̀. Bí àgbàlagbà bá gun ọ̀kadà mi, mo máa ń dúró kí wọ́n fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ dáadáa kí n tó ṣíná. Ìyẹn ò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Ìyá Bọ̀dé

Láti àná ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mo sì ń sunkún. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́.

Ọdún méjì sẹ́yìn ni àrùn rọpárọsẹ̀ mú ìyá ọkọ mi. Apá ọ̀tún àti ẹsẹ̀ ọ̀tún wọn ò ṣiṣẹ́ mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì já gaara lẹ́nu wọn. Èmi ni mò ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mò ń pààrọ̀ wọn, èmi ni mò ń fi ṣíbí fún wọn lóúnjẹ. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ lọ sí Kánò, ẹ̀ẹ̀mejì péré là ń rí i lóṣù. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní aláàánú, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi lójú títì.

Wọn ò mọ̀ pé lọ́jọ́rú tó kọjá, mo jágbe mọ́ ìyá yẹn torí wọ́n da ògì. Mo jáde lọ jókòó sẹ́yìn ilé, mo ní kí Ọlọ́run mú ọ̀kan lọ nínú àwa méjèèjì. Nígbà tí mo padà wọlé, wọ́n ń fi ọwọ́ òsì tó ṣì lágbára nu ògì náà kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n ń fi eteetí ìró ara wọn nù ún.

Ẹ ń sọ̀rọ̀ ayé tó nítumọ̀. Ó rẹ̀ mí. Mi ò mọ̀ bóyá tèmi wà lára rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ìyá Bọ̀dé, àbúrò mi, ẹ nu omijé yín nù. Ọdún méjì láìsí ìsinmi, irin pàápàá á tẹ̀. Igbe tí ẹ ké ò pa ọdún méjì rẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó lè mú un fúyẹ́ díẹ̀. Ògì tó bá ṣàn jù ló ń le jù láti gbé mì fún ẹni tí àrùn yìí bá mú, ó sì lè gba ọ̀nà èémí. Ẹ jẹ́ kó ki díẹ̀. Ẹ gbé wọn jókòó dáadáa, ẹ fi ìrọ̀rí tì wọ́n lẹ́yìn, ẹ máa fi oúnjẹ sí ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu wọn, níwọ̀n bó ti jẹ́ apá ọ̀tún ló rọ, kí ẹ sì dúró kí wọ́n gbé ti ẹnu mì kí ẹ tó bu òmíràn. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọn ò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ kí nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó kọjá. Bí wọ́n bá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ẹ máa yí wọn padà ní wákàtí méjì méjì kí ara má baà dégbò. Ṣé wọ́n ṣì ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn? Ìyẹn ò gbọdọ̀ já lọ́jọ́ kankan.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ṣoṣo ò lè dá èyí ṣe. Ní wọ́ọ̀dù, a máa ń pín in ni.

Bàbá Tàmálè

Ohun tí nọ́ọ̀sì sọ kẹ́yìn yẹn ni mo fẹ́ dì mú. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ lè má mọ àárò. Àgbẹ̀ mẹ́rin tàbí márùn-ún á para pọ̀: lónìí oko tèmi, lọ́túnla oko tìrẹ, títí á fi kárí. Kò sẹ́ni tó ń gbowó, kò sì sẹ́ni tó ń dúpẹ́ lọ títí, torí yóò kàn ọ́. Ọ̀wẹ̀ ni tirẹ̀ yàtọ̀, olóko á bẹ èrò fún iṣẹ́ ọjọ́ kan, á sì se oúnjẹ rẹpẹtẹ fún wọn.

Obìnrin yìí ò lágbára láti se oúnjẹ ọ̀wẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Àárò ló ń fẹ́. A ti ṣàdúrà fún un tó, àdúrà dára, ṣùgbọ́n ta ló wà nítòsí? Ìyàwó mi jókòó tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ó ní òun mú ọjọ́ Ìṣẹ́gun, láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di ọ̀sán.

Ọmọ Ọdún Kẹta

Mo lè wá fọ aṣọ ní ìrọ̀lẹ́ Friday. Mi ò ní kíláàsì.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ọjọ́ Ajé ni ọjọ́ ìsinmi mi. Mo máa kọ́ ẹnikẹ́ni tó bá wá bí wọ́n ṣe ń gbé wọn dìde láìdá ẹ̀yìn ara wọn.

Ọlọ́kadà Tákíè

Oògùn, ẹ fún mi ní ìwé rẹ̀, èmi á máa lọ rà á wá.

Akin Masífá

Mi ò lè mú owó wá. Ṣùgbọ́n ara mi le, mo lè gbé ìyá láti orí bẹ́ẹ̀dì dé ibi tí wọ́n á ti gba afẹ́fẹ́. Èmi àti ìyàwó mi, àárọ̀ Sátidé. Mo ti bi í, òun ló ní ká jọ wá.

Ìyá Bọ̀dé

Mi ò mọ ohun tí mo lè kọ. Ojú ń tì mí, ilé ò gún. Mo ti fi àdírẹ́sì ránṣẹ́ sí yín níkọ̀kọ̀. Mo ka gbogbo rẹ̀ sókè fún ìyá. Nígbà tí mo dé ibi ẹní tó jóná ní igun, wọ́n fi ọwọ́ òsì wọn di ọwọ́ mi mú, wọn ò sì jẹ́ kí n gbé fóònù sílẹ̀ títí mo fi tún un kà.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́

Ọjọ́bọ̀ ò tíì lẹ́ni, èmi ni mo ni ín. Mo ti tọrọ àyè níbi iṣẹ́.

Ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́

Ìyá Bọ̀dé, mo ti dé àdúgbò yín. Mo bu láfún dání. Kóńgò kan ni, mo sì bu ẹ̀kúnwọ́ lé e. Ilé méjì ló ní bẹ́ǹṣì níwájú níbí, ṣé èyí tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé ni?

Ìyá Bọ̀dé

Òun ni. Ẹ tì í wọlé, a ò tì í. Ìyá ti ń wo ẹnu ọ̀nà láti àárọ̀.